Ohun Tí Ó Pa Mọ́tò: Títún Ògbólógbòó Ẹ̀rọ Ìfọbọ́ Ṣe Nínú Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ‘Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé.’ Òwe yìí kò mọ sí inú oko ẹ̀fọ́ nìkan. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ó ti gbòòrò tó, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó yẹ abẹ́ ògbólógbòó ẹ̀rọ tí ń fọ abọ́ wò nínú ilé ìdáná kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ iṣẹ́. Ohun tí ó sábà máa ń pa mọ́tò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ti ìta wá. Inú ẹ̀rọ náà gan-an ni ó wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Omi ni.

Ẹ̀rọ ìfọbọ́ kò tíì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń fi ọwọ́, ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ abọ́. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé, ohun èèlò ilé ni í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bí ó bá bàjẹ́ nígbà tí ó ti gbó, ìbéèrè kan ni yóò dìde nínú ilé: ṣé kí á jù ú nù ni, àbí kí á pààrọ̀ mọ́tò rẹ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Owó ilé wà nínú rẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn pàápàá wà nínú rẹ̀, nítorí pé ibi tí omi àti iná mànàmáná ti pàdé kì í ṣe ibi eré.

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́. Ní ọdún 1850, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Joel Houghton, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ onígi kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tí ó ń ta omi sí abọ́ lára. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Obìnrin kan, Josephine Cochrane, ará ìlú Shelbyville ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni ó wá gbé èyí tí ó múná dóko jáde. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1883, ó sì fi gbèsè sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá a dúró. Ó wọn abọ́ rẹ̀, ó fi wáyà ṣe àpótí tí ó bá abọ́ kọ̀ọ̀kan mu, ó sì ṣe é kí omi máa fi agbára tú lù wọ́n. Ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1886. Ní 1893, ó kó ẹ̀rọ náà lọ sí ibi ìpàtẹ àgbáyé tí ó wáyé ní Chicago, àwọn ilé ìtura àti ilé oúnjẹ sì ni wọ́n kọ́kọ́ di oníbàárà rẹ̀.

Ohun tí obìnrin yìí mọ̀ ni pé kì í ṣe kànrìnkàn ni yóò fọ abọ́ nínú ẹ̀rọ, bí kò ṣe ipá omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí di òní. Omi a gba inú họ́òsì wọlé, yóò wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, irin kan yóò sì mú un gbóná. Pọ́ǹpù yóò gbé omi gbígbóná náà lọ sínú àwọn apá oníhò tí ó wà lábẹ́ abọ́ àti lókè rẹ̀. Bí omi bá ti ń tú jáde nínú ihò wọ̀nyí, ipá rẹ̀ ni yóò máa yí àwọn apá náà po, tí yóò fi kan gbogbo abọ́. Omi tí ó bá ti fọ abọ́ a tún ṣàn padà sí ìsàlẹ̀, a gba inú asẹ́ kọjá, pọ́ǹpù a sì tún gbé e sókè. Omi kan náà ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ títí tí yóò fi tó àkókò láti dà á nù. Bí pọ́ǹpù kò bá yí, ìwẹ̀ ti parí nìyẹn. Mọ́tò ni ó sì ń yí pọ́ǹpù.

Ọ̀rọ̀ yìí, mọ́tò, gba àlàyé díẹ̀. Ní ẹnu wa, ọkọ̀ tí ń sáré lójú títì ni mọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ iná a máa fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tí ń sọ agbára iná mànàmáná di agbára ìyípo, irú èyí tí ó wà nínú fáànù àti nínú pọ́ǹpù kànga. Èyí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí níhìn-ín. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí a fi wáyà bàbà wé lára. Bí iná bá gba inú wáyà náà kọjá, irin a di òòfà. Ní Ìlú Ọba, iná tí ń wọ ilé a máa lọ síwájú, a sì máa padà sẹ́yìn, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára òòfà náà a máa yí po pẹ̀lú rẹ̀, a sì máa wọ́ irin kejì tí ó wà láàárín yí. Nikola Tesla gba ìwé àṣẹ lórí irú mọ́tò báyìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1888. Nínú ògbólógbòó ẹ̀rọ ìfọbọ́ ti Yúróòpù, irin àárín yìí a máa yí tó ìgbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan.

Àbùkù kan ni irú mọ́tò yìí ní: kò lè dá gbéra. Ó dà bí ọmọ tí ó jókòó sórí jangirọ́fà. Ó di dandan kí ẹnì kan kọ́kọ́ tì í. Ohun tí ń ti mọ́tò ni kàpásítọ̀, èyí tí ó máa ń rí bí agolo kékeré tí wáyà méjì jáde lórí rẹ̀. Bí kàpásítọ̀ bá kú, mọ́tò yóò máa kùn hùùù bí oyin, ṣùgbọ́n kò ní yí.

Wàyí o, níbo ni kòkòrò ń gbé? Ọ̀pá kan so mọ́tò pọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ tí ń ta omi. Ẹ̀yìn ògiri pọ́ǹpù ni mọ́tò wà, níbi gbígbẹ. Inú omi ni abẹ̀bẹ̀ wà. Ọ̀pá ní láti gba inú ihò ara ògiri náà kọjá. Ohun tí kì í jẹ́ kí omi bá ọ̀pá jáde ní ihò yìí ni a ń pè ní síìlì. Òrùka méjì ni: ọ̀kan ń bá ọ̀pá yí, èkejì dúró gbári sójú kan, sípíríìnì kékeré sì tì wọ́n mọ́ra pinpin. Síìlì yìí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Òun nìkan ni ó dúró láàárín omi àti iná. Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n omi àti wáyà bàbà inú mọ́tò kì í ṣe ọ̀rẹ́ rárá.

Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ojú òrùka méjèèjì yóò jẹ. Ẹ̀fun inú omi líle, irú omi ìlú Lọ́ńdọ̀nù, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Rọ́bà rẹ̀ yóò le. Ẹ̀kán omi kan yóò yọ́ jáde, yóò tọ ọ̀pá lọ sínú béárìn tí ó gbé ọ̀pá ró. Omi àti ọṣẹ yóò fọ ọ̀rá béárìn dànù. Ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ yóò ti máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, béárìn yóò gan, mọ́tò yóò fẹ́ yí kò ní lè yí, wáyà bàbà yóò gbóná kọjá ààlà, yóò sì jóná. Nígbà náà ni onílé yóò sọ pé mọ́tò kú. Òótọ́ ni pé ó kú. Ṣùgbọ́n síìlì ni ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, bàbá ń wa bọ́ọ̀sì, ọmọ mẹ́rin sì wà nílé. Ẹ̀rọ ìfọbọ́ wọn, tí ó ti lé ní ogún ọdún, pariwo fún oṣù méjì, ó sì dákẹ́. Bàbá wá mọ́tò kan rí lára irú ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n ti tú palẹ̀, ó rà á ní ọ̀pọ̀, ó sì pinnu láti fi í sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó pe bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò, ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ iná, pé kí ó wá bá òun wò ó.

‘Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mọ́tò ti dé.’

‘Mọ́tò ti dé, ọmọ mi. Síìlì rẹ̀ ńkọ́?’

‘Èyí tí ó wà níbẹ̀ ṣì dára lójú, Bàbá.’

‘Ta ni ó wá pa mọ́tò àkọ́kọ́?’

Ọ̀dọ̀mọkùnrin náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìbéèrè àgbàlagbà yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹni tí ó bá fi mọ́tò tuntun sí ẹ̀yìn síìlì tí ó ti jẹ, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Ẹ̀kán omi tí ó pa ti àkọ́kọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lára èkejì láti ọjọ́ kìíní.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ni ó yẹ kí ó ṣáájú owó. Ẹni tí yóò bá fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ó gbé e sí ibi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o, kí ó sì ti táàpù tí ń gbé omi wọ inú rẹ̀. Pípa súwíìsì nìkan kò tó. Kò tún gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ẹnu kàpásítọ̀, nítorí pé ó lè pa iná mọ́ sínú lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Igi gańgań-ràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti í fi mítà wọn iná, tí kò sì mọ bí a ti í tú iná inú kàpásítọ̀ dànù, kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣe apá ibẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni yóò gbọ́n omi tí ó kù ní ìsàlẹ̀, yóò yọ asẹ́, yóò sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú pọ́ǹpù. Àfọ́kù ife, èèkù èso tàbí igi ìtayín lè há mọ́ abẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, mọ́tò lè tún máa yí láìná kọ́bọ̀. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, yóò fi ọwọ́ yí ọ̀pá láti ẹ̀yìn mọ́tò. Bí ọ̀pá bá yí wẹ́rẹ́ tí mọ́tò sì ń kùn lásán, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kàpásítọ̀ ni ó kú, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mọ́tò. Bí ó bá le, tí ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, béárìn ni. Bí mítà bá fi hàn pé wáyà bàbà ti já, tàbí pé iná ń ti ara rẹ̀ jò sára irin mọ́tò, a jẹ́ pé mọ́tò ti kú pátápátá. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tàbí tí ọṣẹ gbígbẹ funfun bá wà lára ọ̀pá, síìlì ni ó jẹ́wọ́ yẹn.

Bí ó bá wá di dandan kí á pààrọ̀ rẹ̀, àwọ̀n lẹ́tà tí ó wà lára mọ́tò àtijọ́ ni kí á kà dáadáa kí á tó ra òmíràn. Agbára iná tí ó ń lò, iye ìgbà tí iná náà ń lọ tí ó ń bọ̀, apá ibi tí ó ń yí sí, gígùn ọ̀pá rẹ̀ àti ìwọ̀n kàpásítọ̀ tí ó bá a mu, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mọ́tò tí ó bá ń yí sí òdì kejì kò ní lè ta omi bí ó ti yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Iṣẹ́ gan-an lọ báyìí. Èkíní, wọn óò tú síkúrù tí ó de ẹ̀rọ mọ́ pákó tí ó bò ó lókè, wọn óò sì fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ènìyàn méjì ni kí ó ṣe èyí, nítorí pé òkúta kọnkéré wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dojú dé nígbà tí a bá fa abọ́ síta. Èkejì, wọn óò tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọn óò sì rọra dá ẹ̀rọ dùbúlẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọn óò ya àwòrán gbogbo wáyà kí wọ́n tó yọ ẹyọ kan. Ọgbọ́n orí kì í rántí àwọ̀ wáyà ní òru. Ẹ̀kẹrin, wọn óò tú họ́òsì àti rọ́bà tí mọ́tò rọ̀ mọ́, wọn óò gbé e jáde. Ẹ̀karùn-ún, wọn óò fi síìlì tuntun sí i. Kí wọ́n má ṣe fi ìka ọlọ́ràá kan ojú òrùka rẹ̀. Omi ọṣẹ díẹ̀ ni kí wọ́n fi mú rọ́bà rẹ̀ yọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ epo. Ó dára kí wọ́n pààrọ̀ kàpásítọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kẹfà, wọn óò dá gbogbo wáyà padà sí àyè rẹ̀, pàápàá jù lọ wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféèfé pupa-rúsúrúsú rẹ̀ kò ṣeé ṣì mọ̀. Wáyà yìí kò kópa nínú yíyí mọ́tò, nítorí náà ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń gba ẹ̀mí là bí iná bá jò sára irin. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ ti dẹ pàkúté sílẹ̀ fún ọmọ ara rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí wọ́n má ṣe dán mọ́tò wò láìsí omi nínú ẹ̀rọ, nítorí pé omi ni ó ń mú ojú síìlì tutù. Wọn óò da ọpọ́n ẹ̀rọ padà sí ìdúró, wọn óò ṣí táàpù, wọn óò jẹ́ kí ó fọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsí abọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn óò tún yọ púlọ́ọ̀gì, wọn óò fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbẹ fúrúfúrú, iṣẹ́ yọrí.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó tọ́ sí làálàá yìí. Bí ìpẹtà bá ti jẹ inú ọpọ́n dé ìta, tàbí tí wáyà inú rẹ̀ ti jóná, kí á dágbére fún un. Ẹ̀rọ òde òní a máa fi omi bíi lítà mẹ́wàá péré fọ abọ́ kún inú rẹ̀, nígbà tí ti àtijọ́ lè lò ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ti lẹ pọ́ǹpù àti irin tí ń mú omi gbóná pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, méjèèjì ni a ó rà. Òfin náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù Kẹta ọdún 2021 ní àwọn orílẹ̀-èdè Àpapọ̀ Yúróòpù, àti láti oṣù Keje ọdún náà ní Ìlú Ọba, ó di dandan kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìfọbọ́ máa ní mọ́tò àti pọ́ǹpù lọ́wọ́ fún àwọn oníṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta irú ẹ̀rọ náà kẹ́yìn. Rọ́bà ẹnu-ọ̀nà àti àwọn síìlì mìíràn sì wà fún onílé fúnra rẹ̀ fún ọdún 10. Ẹ̀rọ tí ó ti gbó ṣáájú òfin yìí kò sí lábẹ́ ààbò rẹ̀. Ìdí nìyí tí olówó rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gbọ́n, kí ó fetí sí ariwo àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ènìyàn wa a máa kó ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ bọ̀ láti òkè òkun. Èyí tí ó ti Ìlú Ọba wá lè bá iná wa mu. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, iná fóòtì 120 ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún. Bí a bá fi í sí iná fóòtì 230 wa láìsí ohun tí yóò dín in kù, mọ́tò rẹ̀ yóò jó lójú ẹsẹ̀.

Ìdílé inú àpẹẹrẹ wa fi ọwọ́ fọ abọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin sí i, nígbà tí wọ́n ń dúró de síìlì. Ìyá tí ó ti òru iṣẹ́ dé kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọmọ sì ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá yọ síìlì àtijọ́ tí ó sì fi èékánná yẹ ojú òrùka rẹ̀ wò, ó bá ìlà kan tí omi ti gbẹ́ síbẹ̀, tínínrín bí irun orí. Ó pe àwọn ọmọ náà jọ, ó fi hàn wọ́n. Ẹni tí ó bá ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí, kò tún ní ra mọ́tò kí ó tó béèrè ohun tí ó pa èyí tí ó kú.